Ìhìn Rere ní Ẹnu Onílé



Iṣẹ́ tí a rán Ìjọ kò fara sin. Kí Olúwa tó gòkè re ọ̀run ni ó ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n tọ gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Kò yọ ìran kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí ìran kan kọ́kọ́ di ìran mìíràn kí ó tó lè rí ìgbàlà. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, olúkúlùkù àlejò tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù ni ó gbọ́ iṣẹ́ ńlá Ọlọ́run ní èdè tí a bí i sí. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i dáradára: Ẹ̀mí Mímọ́ kò kọ́ àwọn àlejò náà ní èdè Gálílì, èdè àwọn àlejò ni ó fi sí ẹnu àwọn ará Gálílì. Ẹni tí ó gbé ìhìn náà wá ni ó yí ahọ́n rẹ̀ padà nítorí ẹni tí yóò gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ní òní ni bí àṣẹ yìí ti ṣẹ ní ilẹ̀ tiwa, àti ibi tí ó ti kọsẹ̀. Èmi yóò mú ìtàn ẹnì kan ṣoṣo wá, èyíinì ni Bíṣọ́ọ̀pù Samuel Àjàyí Crowther, nítorí pé nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni a ti rí ìhà méjèèjì. Ohun tí ìtàn náà kọ́ mi ni pé ohun méjì ni ẹni tí ó gbé ìhìn rere wá gbọ́dọ̀ fi lé onílé lọ́wọ́. Èkíní ni ọ̀rọ̀ náà, kí onílé lè sọ ọ́ ní èdè ara rẹ̀. Èkejì ni ìṣàkóso ilé Ọlọ́run, kí onílé lè máa tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Èkíní ṣòro, ṣùgbọ́n àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ṣe é. Èkejì ni ó ṣòro jù.

I. Ọmọ tí a tà

Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Nínú àwọn tí a kó ní ìgbèkùn ni ọmọdékùnrin kan wà tí ń jẹ́ Àjàyí, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. A yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. A ta Àjàyí, a sì tún un tà, láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, títí ó fi dé Èkó, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Myrmidon lé ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀ bá lórí òkun, ó sì gbà á. A kó àwọn tí a dá nídè lọ sí Sàró.

Ní Sàró ni Àjàyí ti kọ́ ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà. Ibẹ̀ ni a ti ṣe ìribọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, 1825, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní 1827 ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay, èyí tí Ẹgbẹ́ C.M.S. dá sílẹ̀.

Ní ìgbà náà, ìlú tí ó kún fún onírúurú ìran ni Freetown. Nígbà tí Koelle, olùkọ́ kan ní Fourah Bay, kó ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú tí a dá nídè jọ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1854, èdè tí ó rí lẹ́nu wọn lé ní 100. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìsìn láàárín wọn. A kò lè dá àwọn àjíhìnrere lẹ́bi púpọ̀ nítorí èyí, nítorí èdè wo ni wọn ìbá yàn nínú ọgọ́rùn-ún? Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà ń gbàdúrà ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé Ọlọ́run, wọ́n sì ń sunkún òkú wọn ní èdè ìyá wọn nílé. Ìsìn tí kò tíì dé ibi tí ènìyàn ti ń sunkún kò tíì wọlé tán.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Odò Ọya, láti wá ọ̀nà tí a ó fi òwò rere rọ́pò òwò ẹrú. C.M.S. rán àjíhìnrere kan tí í ṣe ọmọ Jámánì, J. F. Schön, pẹ̀lú Crowther. Ibà pa àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà ní ìpakúpa. Ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn ni kò padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ìrìn àjò náà sí òfò. Ṣùgbọ́n Schön ti kíyèsí ohun kan. Ó rí i pé ọmọ ilẹ̀ tí ń sọ èdè ilẹ̀ ni ọba àti ìjòyè ń tẹ́tí sí. Nígbà tí ó padà dé, ó sọ fún Ẹgbẹ́ pé àwọn ọmọ Áfíríkà gan-an ni yóò jẹ́ iṣẹ́ yìí fún Áfíríkà, ó sì dámọ̀ràn pé kí a fi Crowther joyè àlùfáà. Bíṣọ́ọ̀pù London ni ó gbé ọwọ́ lé e lórí ní 1843. Ní ọdún náà gan-an ni Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Inú ìwé Lúùkù ni ó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi tí áńgẹ́lì ti ń bá Màríà sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé wa tí wọ́n ti pẹ́ ní ìgbèkùn kún ilé ìsìn náà. Crowther fúnra rẹ̀ kọ̀wé lẹ́yìn náà pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè tí a bí òun sí, ní ọjọ́ náà òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá lójú yín. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé Yorùbá. Ó ti mọ Ọlọ́run ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ti mọ ọjà àti oko ní Yorùbá, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó mú méjèèjì pàdé lẹ́nu kan. Nígbà tí ó gbàdúrà tí ó parí, àwọn ènìyàn dáhùn pé, "Kó ṣẹ!" Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Bí a ti ń dáhùn sí ìre ní ilé àwọn baba wa ni wọ́n fi dáhùn sí àdúrà Ìjọ.

II. Ọ̀rọ̀ tí a fi lé onílé lọ́wọ́

Ní oṣù kìn-ín-ní 1845, Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ó ti gba Townsend ní àlejò ní 1843, ti kú, ọ̀nà kò sì lọ. Ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ 1846.

Kò pé oṣù kan tí Crowther dé ibẹ̀ tí ó fi rí ìyá rẹ̀, Àfàlà. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ni. Ó kọ̀wé pé àwọn dì mọ́ ara àwọn, wọ́n ń wo ara wọn láìlè fọhùn, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá àgbà náà bí ó ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí ó ti mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ tí ó padà wá ti di àlùfáà, ó ti jẹ́ Samuel, ó ti wọ aṣọ òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó mú bọ̀, kí ni ìyá náà ìbá rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, 1848, Àfàlà ṣe ìribọmi pẹ̀lú àwọn díẹ̀ mìíràn, àkọ́so Ìjọ Abẹ́òkúta. A sọ ọ́ ní Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Ìwé Mímọ́. Ó pẹ́ láyé títí di 1883, nínú ìgbàgbọ́.

Láàárín àkókò náà ni iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ jáde ní 1852. Thomas King, ọmọ Ẹ̀gbá tí òun pẹ̀lú ti Sàró wá, bá a ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1862. Àwọn òyìnbó bíi Gollmer àti Hinderer sì kó ipa tiwọn. Ní 1875 ìgbìmọ̀ kan jókòó ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ní 1884 ni gbogbo Bíbélì pé ní Yorùbá. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó gbà láti ìwé Róòmù dé òpin.

Báwo ni a ti ṣe é? Crowther kò jókòó sínú yàrá kí ó máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láti orí ara rẹ̀. Ó ń jókòó ti àwọn àgbà, àwọn tí kò tilẹ̀ gba ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó ń fetí sí bí wọ́n ti ń pa òwe, bí wọ́n ti ń súre, bí wọ́n ti ń rojọ́. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún fún òwe. Bàbálọ́jà àti babaláwo ni olùkọ́ rẹ̀ ní ti èdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó wá láti kọ́ wọn ní ti Kristi.

Nítorí náà, nígbà tí ó ń wá orúkọ fún Ẹlẹ́dàá, kò mú orúkọ kankan ti òkèèrè wá. Ọlọ́run ni àwọn baba wa ń pè é, Olódùmarè ni wọ́n ń pè é. Orúkọ wọ̀nyí ni ó sì wọ inú Bíbélì. Nígbà tí ó ń wá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ìsìn, ó mú ọ̀pọ̀ láti ẹnu àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti wà láàárín wa ṣáájú. Àdúrà, àlùfáà, ìwàásù, wòlíì: láti inú èdè Lárúbáwá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá, wọ́n sì ti di Yorùbá lẹ́nu ọjà kí àwa tó dé. Kò tijú láti yá a. Nígbà tí ó lọ sí Ìlọrin ní 1872, tí a bi í ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ààfin Ẹ́míà, kò bá wọn jiyàn. Bíbélì Yorùbá ni ó ń ṣí, tí ó sì ń kà fún wọn, níbi tí ìtàn Gébúrẹ́lì àti ìbí Jésù ti bá ohun tí wọ́n ti mọ̀ mu. Wọ́n tẹ́tí sí i.

Èmi kò wí pé iṣẹ́ náà kò ní àbùkù. Òtítọ́ ni kí a sọ nínú ilé Ọlọ́run. Nígbà tí a fi orúkọ Èṣù pe Sátánì, a fi ohun kan pe ohun mìíràn, nítorí lọ́dọ̀ àwọn baba wa Èṣù ni oníṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, tí ó lè ṣe rere, tí ó sì lè ṣe ibi. Bákan náà, ohùn Ọ̀yọ́ ni ó borí nínú Bíbélì náà. Ará Èkìtì, ará Ìjẹ̀bú àti ará Oǹdó ní láti kọ́ ọ kí wọ́n tó lè kà á geere. Àwọn orin ìsìn tí a fi Yorùbá sí ìsàlẹ̀ ohùn òyìnbó pẹ̀lú sábà máa ń yí ohùn ọ̀rọ̀ wa padà, tí a ó fi máa kọ ohun tí a kò rò. Ó di ìgbà àwọn bíi Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ẹni tí a gba orin rẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922, kí orin tí ó bá ohùn èdè wa rìn tó tàn ká. Ṣùgbọ́n irú àṣìṣe báyìí ni ẹni tí ó ti gba ohun kan lọ́wọ́ lè tún ṣe fúnra rẹ̀. Bíbélì ti di tiwa. Ẹni tí ó ni ilé ni ó ń tún ilé rẹ̀ ṣe.

III. Ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1864, a fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀pù ní ilé ìsìn ńlá Canterbury. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi sí ipò náà. Ìyáàfin Weeks, ẹni tí ó kọ́ ọ ní A, B, D ní Sàró, wà níbẹ̀. Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon tí ó yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., ni ó tẹnu mọ́ ọn pé kí èyí ṣẹ. Ohun tí Venn ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé Ìjọ gbogbo ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi tí yóò ti máa bọ́ ara rẹ̀, tí yóò máa ṣàkóso ara rẹ̀, tí yóò sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Nígbà náà ni àjíhìnrere yóò kúrò, tí yóò kọjá lọ sí ibòmíràn.

Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí a fún Bíṣọ́ọ̀pù tuntun náà. A kò fún un ní Abẹ́òkúta, a kò fún un ní Ìbàdàn, a kò fún un ní Èkó. Townsend àti àwọn òyìnbó mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ti kọ̀ láti wà lábẹ́ ọmọ Áfíríkà. Odò Ọya ni a rán an lọ, sáàárín àwọn ìran tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ọmọ Òṣogùn wá di àlejò.

Àwọn àgbà wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Crowther mọ èyí. Nígbà tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha ní 1857, ẹni tí ó fi síbẹ̀ ni John Christopher Taylor, tí a bí ní Sàró fún àwọn òbí tí í ṣe Ìgbò. Ìwé ìkọ́wèé kékeré ní èdè Ìgbò ti wà nílẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Ní Bonny, láti nǹkan bí 1865, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláńgbá ńlá odò tí a ń bọ níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ pa, Ọba George Pepple ni ó pàṣẹ ní 1867 pé ìbọ wọn ti tán. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́ ní Bonny jẹ́ ẹrú. Nígbà tí inúnibíni dé, àwọn kan nínú wọn fẹ́ kí a pa wọ́n ju kí wọ́n jẹ nínú ẹran òrìṣà. A ń rántí Joshua Hart nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe àbòsí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá láti Sàró jẹ́ àlejò ní Odò Ọya gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ti jẹ́. Àwọn kan kò kọ́ èdè ilẹ̀. Ògbufọ̀ ni wọ́n gbára lé. Àwọn mìíràn hùwà tí kò yẹ òjíṣẹ́. Odò náà gùn, Bíṣọ́ọ̀pù ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń bá lọ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn kan nínú àwọn tí a rán kò jẹ́ ẹ bí ọmọ.

IV. Onitsha, 1890

Venn kú ní 1873. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn àwọn tí ń darí iṣẹ́ ní London bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ní òpin ọdún 1880 sí 1890, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Odò Ọya. Àwọn kan nínú wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run, wọ́n ń gbàdúrà púpọ̀, wọn kò sì bẹ̀rù ikú. Robinson kú ní 1891, Brooke sì kú ní 1892, lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Brooke àti Robinson gbàgbọ́ pé àjíhìnrere gbọ́dọ̀ dà bí àwọn tí ó ń wàásù fún. Ní Lokoja, wọ́n wọ aṣọ Haúsá. Wọ́n kọ́ èdè Haúsá, kí àwọn Mùsùlùmí má baà ka ìgbàgbọ́ wa sí ẹ̀sìn òyìnbó. Ní ti èdè, ní ti aṣọ, wọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ tí ó ti wà ṣáájú wọn lọ. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ 1890, nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó ní Onitsha, níwájú Bíṣọ́ọ̀pù arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ènìyàn wọ̀nyí àti akọ̀wé wọn gba àṣẹ láti dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, tí ó fi kan Archdeacon Dandeson, ọmọ bíbí rẹ̀. Crowther bi wọ́n léèrè pé, bí akọ̀wé bá lè dá àlùfáà dúró, kí ni iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀pù? Wọn kò yí padà. Ó dìde, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́ náà, àgbà wà lọ́jà, a sì wí fún un pé ọjà kì í ṣe tirẹ̀. Bíṣọ́ọ̀pù Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn Ìjọ ẹnu odò ní Bonny àti àyíká rẹ̀ dá dúró lábẹ́ Archdeacon Dandeson ní 1892, wọ́n ń bọ́ ara wọn, wọ́n sì ń tan ara wọn kálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Venn ti fẹ́. Ní Èkó, ìbànújẹ́ náà wà lára ohun tí ó mú kí àwọn kan yà kúrò nínú Ìjọ wa ní 1901 láti dá Ìjọ tiwọn sílẹ̀. A fi àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ṣe olùrànlọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n ó di 1952 kí a tó tún fi ọ̀kan nínú wọn, A. B. Akínyẹlé ti Ìbàdàn, ṣe olórí agbègbè tirẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni.

Níkẹyìn, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a fi Crowther joyè, a ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury kan náà, Archbishop Welby sì jẹ́wọ́ àìdára tí a ṣe sí i ní gbangba. Ó dára. Ìdáríjì tí ó pẹ́ sàn ju èyí tí kò dé lọ.

V. Ohun tí ó kàn wá

Bí a bá parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, a ó kàn ti dá àwọn òyìnbó lẹ́bi, a ó sì padà sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwa náà ti di ẹni tí a rán. Àwọn Ìjọ wa ń rán òjíṣẹ́ lọ sí àríwá ilẹ̀ yìí, sí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká, àti sí London àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti kọ́ ilé ìsìn. Ìbéèrè tí a bi àwọn tí ó wà ní Onitsha ni a ń bi wá nísinsìnyí.

Èmi fúnra mi ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, a rán mi lọ sí ilẹ̀ ìran mìíràn nínú orílẹ̀-èdè yìí. Mo ṣe ọdún méjì níbẹ̀. Ògbufọ̀ ni mo fi ń wàásù láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ tí mò ń lọ, ìyá arúgbó kan tí kì í pa ìsìn jẹ mú ọwọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń sunkún. Ògbufọ̀ mi kò sí nítòsí. Títí di òní, n kò mọ ohun tí ìyá náà wí. Ó lè jẹ́ ìre ni ó ń sú fún mi, ó lè jẹ́ àdúrà ni ó fẹ́ kí n gbà. Mo ti gbé ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn tí a ń rán pé kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n kọ́ ìkíni ilẹ̀ náà kí wọ́n tó kọ́ ìwàásù níbẹ̀. Kí wọ́n bèèrè orúkọ tí àwọn ènìyàn náà ń pe Ẹlẹ́dàá kí wọ́n tó sọ orúkọ tí àwọn ń pè é.

Sí àwọn Ìjọ wa ní òkè òkun ni mo ní ọ̀rọ̀ tí ó le díẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sunkún. Bí ẹ bá fi dandan lé e pé kí wọ́n di ará Ìbàdàn kí wọ́n tó lè di ọmọ Ọlọ́run, ohun tí a ṣe sí àwọn baba wa ní Freetown ni ẹ ń ṣe sí wọn. Ẹ kọ́ wọn ní Yorùbá, nítorí ogún wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í dí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá sì ti dàgbà nínú ìgbàgbọ́, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Kí ọmọ ogójì ọdún máa gbé àga kiri nínú ilé ìsìn nígbà tí àwọn àgbà ń ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, Onitsha tuntun nìyẹn.

Èyí sì ni ó ṣòro fún gbogbo wa. Ó rọrùn láti wọ aṣọ ẹlòmíràn ju láti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Olúwa wa kò dúró ní ibi tí ó rọrùn. Ó gbé ara wa wọ̀, ó sọ èdè wa. Lẹ́yìn náà, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ lé àwọn apẹja lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n ti sá fi í sílẹ̀, ó sì gòkè lọ. Bí òun bá lè fọkàn tán irú àwọn báwọ̀nyí, ta ni àwa tí kò ní fọkàn tán onílé?

Kí Ọlọ́run tí ó dá gbogbo ìran láti inú ẹ̀jẹ̀ kan fún wa ní ahọ́n akẹ́kọ̀ọ́ àti ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń fi nǹkan sílẹ̀. Kó ṣẹ. Àmín.